Ara Mi Ò Gbà Á

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ̀yin ìyá àgbà tí ẹ wá wẹ ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún mọ́ rédíò. Ọ̀rọ̀ òní yóò rìn jìnnà, yóò dé Ethiópíà, yóò dé Sìmbábúè, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ yín ni yóò padà sí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí àwa tí a ti dàgbà díẹ̀ kò lè gbàgbé. Kí ó tó di ọdún 2005 tí ìjọba àpapọ̀ ní kí a fi chloroquine sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oògùn ibà, kò sí ilé tí kò sí. Ó korò ju ewúro lọ. Bí ọmọ mẹ́rin bá lò ó nínú ilé kan náà, méjì á sùn, ibà á lọ, ara á tù wọ́n. Ẹ̀kẹta á máa fi ẹ̀yìn ha ògiri. Ẹ̀kẹrin á ní kí wọ́n bá òun fi ìgbálẹ̀ ha àtẹ́lẹsẹ̀, torí ibi tó ń yún un, èékánná kò dé ibẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn ti ń kọ̀wé lórí ara yíyún yìí láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ yín kò tíì dé ayé. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa kò dúró de ìwé kankan. Gbólóhùn kan ni wọ́n sọ: "Ara ọmọ yìí ò gbà á." Wọ́n á wá Piriton fún un, tàbí kí wọ́n ní kí dókítà fún un ní oògùn mìíràn.

Gbólóhùn ìyá wa yẹn ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò lónìí, nítorí òtítọ́ ńlá ló wà nínú rẹ̀, ó sì ṣe mí láàánú pé a máa ń tijú láti sọ ọ́ níwájú dókítà.

Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ ata ná. Bí ẹ bá gbé ata, tàtàṣé àti àlùbọ́sà dé ibẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, ẹ ó bá abọ́ tó tò sórí ìlà. Ẹ̀rọ kan wà tó ń lọ ata kúnná, kíákíá. Òmíràn ti gbó, ó ń mí hẹlẹ, abọ́ ń pọ̀ sí i níwájú rẹ̀. Ẹlẹ́rọ kan tún wà tó to ẹ̀rọ mẹ́ta sínú ìsọ̀ kan ṣoṣo. Kí o tó kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ tán, wọ́n ti lọ tìrẹ tán. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀dọ̀ àwa ènìyàn rí. Oògùn tí a gbé mì gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn ẹ̀rọ kéékèèké kan wà nínú ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní ẹ́ńsáìmù. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn ni láti lọ oògùn náà títí yóò fi di ohun tí ara lè tú dànù. Bí ara ṣe máa kọ́ ẹ̀rọ wọ̀nyí, ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá la ti jogún rẹ̀. Jíìnì ni wọ́n ń pe ogún náà. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́ra, oògùn á máa kó jọ sí i lára bí abọ́ ata lórí ìlà, títí tí ìwọ̀n tó tọ́ fún aládùúgbò rẹ̀ yóò fi di àpọ̀jù fún òun. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ yá jù, oògùn á ti kúrò lára kó tó rí ààyè ṣiṣẹ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Robert Smith, ní London, fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ní ọdún 1975, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe ìwádìí lórí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan tó ń jẹ́ debrisoquine, wọ́n sì gbé e mì fúnra wọn kí wọ́n lè mọ ohun tí ara ń fi í ṣe. Àwọn yòókù ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Smith ní tirẹ̀ dákú lọ. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ já wálẹ̀ débi pé kò lè nàró. Oògùn kan náà, ilé iṣẹ́ kan náà, ọjọ́ kan náà, ṣùgbọ́n ara tirẹ̀ kò ní ẹ̀rọ tó ń lọ oògùn yẹn. Ní 1977 wọ́n tẹ àbájáde ìwádìí wọn jáde nínú Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn. Ẹ̀rọ ọ̀hún ni ayé mọ̀ lónìí sí CYP2D6. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà dẹ́rù bà yín, orúkọ ẹ̀rọ ni, bí a ṣe ń fi nọ́ńbà mọ mọ́tò. Oògùn tó ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá kò lóǹkà: ti ọkàn wà níbẹ̀, ti ìrora wà níbẹ̀, ti ìbànújẹ́ ọkàn náà wà níbẹ̀. Kò sì pẹ́ rárá kí ọ̀rọ̀ náà tó dé ilé wa. Ní 1980, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde lórí ẹ̀rọ yìí lára àwọn ọmọ Nàìjíríà, Bababunmi, onímọ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn, sì wà lára àwọn tó kọ ọ́. Ó ti lé ní ogójì ọdún. Ìmọ̀ náà kò ṣàjèjì sí wa; a kàn jẹ́ kó jókòó sínú ìwé ni.

Nísinsìnyí, kodíìnì. Mo mọ̀ pé bí mo ṣe dárúkọ rẹ̀, oògùn ikọ́ olómi tí àwọn ọ̀dọ́ ń mu láti fi pa ara wọn bí ọtí ló sọ sí yín lọ́kàn, èyí tí ìjọba wa fòfin dè ní 2018. Kì í ṣe ìyẹn ni mo ń sọ. Kodíìnì tí dókítà kọ fún ẹni tó ń jẹ̀rora ni mo ń sọ. Kodíìnì fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ pa ìrora, ata tí a kò tíì lọ̀ ni. Àfi bí CYP2D6 bá lọ̀ ọ́ di mọ́fíìnì kí ó tó ṣiṣẹ́. Láàárín àwọn òyìnbó ilẹ̀ Yúróòpù, àwọn bíi 5 sí 10 wà nínú ọgọ́rùn-ún tí ẹ̀rọ yìí kò ṣiṣẹ́ lára wọn rárá. Irú wọn á lo kodíìnì, ìrora kò ní yẹ̀, nọ́ọ̀sì á sì máa rò pé wọ́n ń ṣàṣejù ni. Ẹni tó bá sì jogún jíìnì yìí ní ìlọ́po, bí ẹlẹ́rọ tó to mẹ́ta sínú ìsọ̀ kan, ara rẹ̀ á sọ kodíìnì di mọ́fíìnì wìrìwìrì. Oorun tó wúwo á gbé e, èémí rẹ̀ á máa lọ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ọmọdé ni, ó lè kú. Ìdí nìyí tí àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà fi sọ ní 2017 pé kí wọ́n má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìlá ní kodíìnì mọ́.

Ta ni ó ní ẹ̀rọ mẹ́ta nínú ìsọ̀ kan? Níbí ni ìyàtọ̀ ti wà láti ilẹ̀ dé ilẹ̀. Eleni Aklillu, ọmọ Ethiópíà tó ń ṣe ìwádìí ní Sweden, fi hàn pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1996 pé bí a bá kó ọgọ́rùn-ún ọmọ Ethiópíà jọ, nǹkan bí 29 ló jogún jíìnì náà ní ìlọ́po. Ní Sweden, ẹnì kan tàbí méjì péré ni. Ní 2015, ìjọba Ethiópíà fòfin de kodíìnì. Wọn kò dúró kí Sweden tàbí Amẹ́ríkà sọ fún wọn. Wọ́n wo ara àwọn ènìyàn tiwọn, wọ́n sì pinnu.

Ẹnì kan á wá sọ pé, "Ó dáa, àwa náà jẹ́ ọmọ Áfíríkà, bí tiwa ṣe máa rí nìyẹn." Rárá o. Ní ọdún 1996 kan náà, Collen Masimirembwa, ọmọ Sìmbábúè, kọ̀wé lórí oríṣi jíìnì CYP2D6 mìíràn tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ènìyàn dúdú. Ńṣe ni èyí ń mú kí ẹ̀rọ náà lọ́ra. Òun ló wọ́pọ̀ ní gúúsù Áfíríkà, ó sì wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín ní ìwọ̀-oòrùn pẹ̀lú. Ó túmọ̀ sí pé kodíìnì tó lè bi ẹnì kan ṣubú ní Addis Ababa lè má ju omi lọ lára ẹlòmíràn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Dúdú ni àwọn méjèèjì. Bí ilé ìwòsàn kan ní London tàbí ní Houston bá fún ọmọ yín ní fọ́ọ̀mù, tó ní kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé "ènìyàn dúdú" ni òun, ẹ jẹ́ kó yé yín pé dókítà kò tíì mọ nǹkan kan nípa ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọ̀ ara kì í ṣe àyẹ̀wò. Èdè tí a ń sọ kì í ṣe àyẹ̀wò. Mo tẹnu mọ́ èyí torí mo ti ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé oògùn báyìí ni ti Yorùbá, oògùn báyìí ni ti Ìgbò. Bí wọ́n bá sọ pé nǹkan wọ́pọ̀ ní ìlú kan, ìkìlọ̀ ni kí ẹ kà á sí, pé kí dókítà ronú sí i. Nínú ilé kan náà, láàárín ọmọ ìyá kan náà, ẹ̀rọ lè yàtọ̀, bí ọmọ mẹ́rin tó lo chloroquine lẹ́ẹ̀kan náà.

Masimirembwa tí mo dárúkọ yìí, ìtàn rẹ̀ ló dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Oògùn kan wà fún àwọn tó ní kòkòrò HIV, efavirenz lorúkọ rẹ̀. Oògùn rere ni, ó gba ẹ̀mí àìmọye ènìyàn là. Ìwọ̀n tí wọ́n máa ń fún gbogbo àgbàlagbà tẹ́lẹ̀ ni míligíráàmù 600 lójúmọ́, bóyá o wà ní Paris, bóyá o wà ní Bulawayo. Ẹ̀rọ mìíràn ló ń lọ efavirenz, CYP2B6 ni tirẹ̀. Masimirembwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn wò ní Sìmbábúè, wọ́n rí i pé oríṣi jíìnì tó ń mú ẹ̀rọ yìí lọ́ra pọ̀ láàárín wọn gan-an, tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ló jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti lọ́dọ̀ ìyá. Ní 2008 wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n sì dámọ̀ràn pé kí a dín ìwọ̀n oògùn náà kù fún irú àwọn bẹ́ẹ̀.

Ní 2015, ìjọba Sìmbábúè gbé oògùn alápapọ̀ kan tí efavirenz wà nínú rẹ̀ kalẹ̀ fún àwọn aláìsàn, míligíráàmù 600 náà ni. Kò pẹ́ tí ẹjọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ń rí ohun tí kò sí níbẹ̀. Àwọn kan ń lá àlá tó ń dẹ́rù bà wọ́n títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìbànújẹ́ gbá àwọn mìíràn mú, ayé sú wọn. Ọ̀pọ̀ fi oògùn sílẹ̀, ẹni tó bá sì fi oògùn HIV sílẹ̀, kòkòrò náà á gbérí. Ẹ fojú inú wo ìyàwó ilé kan ní abúlé, tó ń rí òjìji lára ògiri lóru, tí àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ń sọ pé àjẹ́ ni tàbí pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ó ń lo oògùn rẹ̀ bí wọ́n ṣe ní kó lò ó. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ni kò lè lọ̀ ọ́ tán kí ti ọjọ́ kejì tó dé. Ìwé tó ṣàlàyé ohun tó ń ṣe é ti wà nílẹ̀ fún ọdún méje, ọmọ ìlú rẹ̀ ló kọ ọ́, kò sì sí ẹni tó kà á fún un.

Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè mẹ́tàlá, tí Nàìjíríà wà lára wọn, fi hàn ní 2014 pé míligíráàmù 400 ń ṣe iṣẹ́ tí 600 ń ṣe. Láti 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi oògùn mìíràn, dolutegravir, sí ipò àkọ́kọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn HIV lónìí, ẹ má bẹ̀rù, ẹ má sì fi oògùn yín sílẹ̀ torí ohun tí mo sọ yìí. Ohun tí mo ń bi ara mi ni pé: ta ló wọn 600 yẹn? Lára ta ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n? Aránṣọ kan kì í fi ìwọ̀n ẹnì kan gé aṣọ gbogbo ìlú.

Irú rẹ̀ pọ̀. Isoniazid, oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ tó ti wà láti 1952, ara ìdajì àwọn òyìnbó ni kò tètè lọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ní Japan nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá ni. Àwọn tí kò tètè lọ̀ ọ́ ni ẹsẹ̀ wọn máa ń kú tipiri, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń fi fítámì B6 kún un. Warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ó ṣòro láti mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbìyànjú láti fi jíìnì díwọ̀n rẹ̀, wọ́n sì tẹ àbájáde jáde ní 2013: ìṣirò náà kò ṣiṣẹ́ dáadáa fún àwọn aláwọ̀ dúdú, nítorí oríṣi jíìnì tí wọ́n kó sínú rẹ̀ jẹ́ èyí tó wọ́pọ̀ lára òyìnbó, wọ́n sì fo èyí tó wọ́pọ̀ lára ọmọ Áfíríkà. Àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun, ọ̀rọ̀ yín nìyí.

Ó wá kan ilé wa gan-an. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ gbọ́ o. Nígbà tí àwọn onímọ̀ àgbáyé fẹ́ ya àwòrán ìyàtọ̀ tó wà nínú jíìnì ọmọ aráyé, iṣẹ́ tí wọ́n pè ní HapMap, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ní Japan, ní China, ní Amẹ́ríkà, àti ní Ìbàdàn. Àádọ́rùn-ún ènìyàn ni tiwa, ọgbọ̀n ìdílé: bàbá, ìyá àti ọmọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Rotimi, ọmọ Nàìjíríà, wà lára àwọn aṣáájú iṣẹ́ náà. Ní 2005 ni àbájáde àkọ́kọ́ jáde. Láti ìgbà náà, bí onímọ̀ kan ní Tokyo tàbí ní Boston bá fẹ́ mọ bí oògùn kan ṣe máa ṣe lára ọmọ Áfíríkà, ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ìbàdàn yẹn ló sábà máa ń kọ́kọ́ wò. Ìwúrí ni fún mi. Ó sì tún ń kó ìrònú bá mi, nítorí àádọ́rùn-ún ènìyàn láti ìlú kan kò lè dúró fún gbogbo Yorùbá, kí a má tilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti Áfíríkà. Ní 2020, àwọn onímọ̀ Áfíríkà tẹ ìwádìí jáde lórí ènìyàn 426 láti àádọ́ta ẹ̀yà ilẹ̀ Áfíríkà, wọ́n sì rí ìyàtọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ sílẹ̀ rí.

Ìbàdàn tún ní ìtàn mìíràn, òun ni yóò gbé wa dé ọ̀dọ̀ ọmọ tuntun. Ẹ́ńsáìmù kan wà tí iṣẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀. Kì í lọ oògùn. Inú sẹ́ẹ̀lì pupa ẹ̀jẹ̀ ló wà, òun ló ń bu omi paná níbẹ̀. Àwọn oògùn kan, bí wọ́n bá wọnú ẹ̀jẹ̀, wọ́n máa ń dà bí ẹ̀ta iná. Ẹ́ńsáìmù yìí á pa á kó tó ràn. G6PD lorúkọ rẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá tó, lọ́jọ́ tí kò sí iná, ara rẹ̀ le koko. Ọjọ́ tí ẹ̀ta bá ta sí i ni sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ìtọ̀ á dúdú bíi Coca-Cola, ojú á sì pọ́n bí ìyeyè.

Inú ọgbà ẹ̀wọ̀n Stateville ní ìpínlẹ̀ Illinois, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí ìdí rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dán oògùn ibà wò lára àwọn ẹlẹ́wọ̀n láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ó dùn mí láti sọ ọ́, torí ẹni tó wà lẹ́wọ̀n kò ní agbára láti sọ pé rárá bíi tiwa. Wọ́n rí i pé oògùn tó ń jẹ́ primaquine ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ àwọn kan, pàápàá lára àwọn ẹlẹ́wọ̀n dúdú. Ní 1956, Paul Carson, Alf Alving àti àwọn ẹgbẹ́ wọn fi hàn pé G6PD ni kò tó lára wọn.

Kí ló dé tí àìtó G6PD fi pọ̀ lára wa? Ìbàdàn ló dá apá kan ìbéèrè yẹn lóhùn. Lucio Luzzatto, ọmọ Ítálì, wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní 1964, ó sì lo ọdún mẹ́wàá. Ọkùnrin kì í jogún jíìnì G6PD lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ni. Obìnrin ń jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì. Obìnrin tó jogún ọ̀kan tó pé àti ọ̀kan tí kò pé, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń jẹ́ àdàlù: sẹ́ẹ̀lì tó ní G6PD àti èyí tí kò ní tó, nínú iṣan kan náà. Luzzatto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Usanga àti Reddy, wo ẹ̀jẹ̀ irú obìnrin bẹ́ẹ̀ tí ibà ń ṣe, wọ́n sì ka kòkòrò ibà inú rẹ̀. Kòkòrò pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì tó pé ju èyí tí kò pé lọ fíìfíì. Ní 1969 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Ẹ ò rí nǹkan: ohun tó ń bá oògùn jà lára wa lónìí ni ohun tó dáàbò bo àwọn baba ńlá wa lọ́wọ́ ibà, àwọn tó ní in yè, wọ́n bímọ, wọ́n fi í sílẹ̀ fún wa. Ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà, nǹkan bí ọkùnrin kan nínú márùn-ún ni G6PD rẹ̀ kò tó. Kì í ṣe ègún. Kì í ṣe àbùkù tí ẹnikẹ́ni ní láti fi pa mọ́.

Àmọ́ a kò gbọ́dọ̀ fojú fo ó. Ní 2003, wọ́n gbé oògùn ibà kan jáde fún Áfíríkà, Lapdap, tí dapsone wà nínú rẹ̀. Ní 2008 wọ́n kó o kúrò lọ́jà, nítorí ó ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí G6PD wọn kò tó. Ilẹ̀ tí G6PD kò ti tó lára ọ̀pọ̀ ènìyàn ni wọ́n ṣe oògùn náà fún.

Ẹ̀yin ìyá, ibi tí mo ń bọ̀ rèé. Hóró funfun olóòórùn tí ẹ ń kó sáàárín aṣọ kí kòkòrò má jẹ ẹ́, tí a ń pè ní káńfọ̀, ẹ̀ta iná ni fún ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí G6PD rẹ̀ kò tó. Kò dìgbà tí ọmọ bá jẹ ẹ́. Òórùn rẹ̀ lára aṣọ àti nínú àpótí aṣọ ọmọ tó láti fa wàhálà. Àwọn dókítà ọmọdé wa, lára wọn àwọn tó wà ní Ilé-Ifẹ̀, ti ń kọ èyí sílẹ̀ láti bí ọgbọ̀n ọdún ó lé. Wọ́n tún kìlọ̀ nípa ìpara àti páúdà tó ní mẹ́ńtọ̀ọ̀lù tí a máa ń fi pa ìdodo ọmọ. Mo mọ̀ pé aṣọ tí a fi pamọ́ látìgbà ọmọ àkọ́kọ́ ni a máa ń wọ̀ fún èkejì, a sì ti da káńfọ̀ sí i kó má bàa bàjẹ́. Ìfẹ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọ aṣọ náà, ẹ sá a sóòrùn dáadáa kó tó kan ara ọmọ, ẹ má sì da káńfọ̀ sí i mọ́.

Ibà pọ́njú, èyí tí ẹ̀jẹ̀ tó ń fọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń fà fún ọmọ tuntun, kì í ṣe ohun tí a ń fi omi glúkóòsì wò. Gbígbé ọmọ sóòrùn àárọ̀ kò tó. Bí ohun tó ń sọ ara di àwọ̀ ìyeyè bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ó máa ń dé ọpọlọ. Ọmọ lè di adití, ẹsẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ lè má gbà á mọ́, ó sì lè kú. Ilé ìwòsàn ní iná aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń gbé ọmọ sí, bó bá sì le, wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí a bá tètè dé, ó ń yẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ gbogbo yín lọ́rọ̀ mélòó kan kí n tó kúrò lórí afẹ́fẹ́. Hóró oògùn tó bá ọ lára mu, má ṣe gbé e fún aládùúgbò rẹ. Ra ìwé kékeré kan, kọ orúkọ gbogbo oògùn tí ara rẹ ò gbà sínú rẹ̀, kọ ohun tó ṣe ọ́ àti ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, kọ ti àwọn ọmọ rẹ náà, kí o sì mú un lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà àti ilé apoògùn. Bí oògùn tí dókítà kọ fún ọ bá ń dà ọ́ láàmú, padà lọ sọ fún un. Má ṣe dín in kù fúnra rẹ. Ẹ̀yin dókítà àti apoògùn, ẹ jọ̀ọ́, bí ìyá àgbà kan bá sọ fún yín pé ara òun ò gbà á, ẹ fi bírò yín sílẹ̀, ẹ bi í pé báwo. Àwọn babaláwo wa pàápàá, kí wọ́n tó gún àgúnmu fún ẹnì kan, wọ́n máa ń béèrè èèwọ̀ ìdílé rẹ̀.

Bí ọmọ yín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé, ẹ ní kí wọ́n yẹ G6PD rẹ̀ wò. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lásán ni. Bí ẹ bá sì wo ojú rẹ̀ láàárọ̀ yìí tí ẹ rí i pé ó ń pọ́n bí ìyeyè, ẹ pa rédíò, ẹ gbé e pọ̀n, kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn nísinsìnyí. Ẹ má dúró de ìrọ̀lẹ́.